Onígbàǹjo Tó Ní Òun Rí Lásán Díẹ̀

Ẹnu Lyndon Pascoe yá ju ẹsẹ̀ ẹṣin lọ. Tó bá ti gun pákó tó wà lókè ọgbà àgùntàn ní ọjà Borradin, ìlú kékeré kan ní Australia, tó ti fìlà sẹ́yìn orí, tó bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo, eṣinṣin tó bá ṣèèṣì wọ ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè jáde títí ọjà yóò fi tú. Wọ́n ní ó ta ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àgùntàn lórí èémí kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọkùnrin kan ti Perth wá wòran, ó gbé ọwọ́ sókè kó fi lé eṣinṣin, ó sì di ẹni tó ni igba àgbò, bẹ́ẹ̀ yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọkùnrin náà sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Òfin ọjà kò lọ́jú pọ̀: ọwọ́ tó bá ti gòkè ti rà á, ohun tí Lyndon bá sì ti lu ọ̀pá lé lórí, kó tẹ̀ lé ẹni tó rà á lọ.

Onígbàǹjo kì í bú ọjà ara rẹ̀. Àgùntàn tí eyín rẹ̀ ti ká tán, Lyndon á ní àgbà tó ti rí ayé ni. Èyí tó ń tiro, á ní kì í rìn jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n tó bá kan èyí tó ti dùbúlẹ̀ pátá, tí kannakánná ti bà sórí ọgbà, tó ń wo ẹyinjú rẹ̀ bí ẹni ń wo oúnjẹ ọ̀sán, Lyndon á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Èyí rí lásán díẹ̀." Àwọn ọkùnrin á sì ṣí fìlà.

Níbòmíràn láyé, ohun tó bá jẹ́ lásán kò ní wàhálà: omi lásán, ọjọ́ lásán, èèyàn lásán. Ní Borradin, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni. Ilé èèyàn á jó kanlẹ̀ níbẹ̀, onílé á ní afẹ́fẹ́ gbóná díẹ̀. Ìyàwó á bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìkórè lọ, ọkọ á ní ilé pa rọ́rọ́ díẹ̀. Ẹnì kan péré làwọn àgbà ìlú rántí tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun rí lásán díẹ̀. Clarrie Tunney ni, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tó ń ra búrẹ́dì. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ń yan orin ìsìnkú.

Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni kò ní ìdáríjì nílùú náà: kí èèyàn máa ráhùn, àti kó máa gba ajá láàyè lórí bẹ́ẹ̀dì. Lyndon ni adájọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kìíní. Ẹni tó bá ṣí ẹnu ráhùn nílé ọtí, bó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dùn ún, bó jẹ́ òjò ni kò rọ̀ sí oko rẹ̀, Lyndon á gun àga, á sì fi onítọ̀hún ṣe gbàǹjo níṣojú gbogbo èèyàn. Á ka eyín rẹ̀, á wo ìdí rẹ̀, á béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ dá owó lé e. Adùn eré náà sì ni pé ẹnikẹ́ni kì í gbọ́wọ́ sókè. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí títí bíà yóò fi máa gba imú wọn jáde. Ìgbà mọ́kànlá ni Lyndon ti ta Dougie Wansbrough, aládùúgbò rẹ̀ tí oko wọn pààlà. Èyí tó dùn jù ni ti ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn, nígbà tí Sharlene, ìyàwó Dougie, kó ẹrù rẹ̀ lọ. "Ọkọ àlòkù kan rè é," ni Lyndon wí, "ẹni tó ni ín dá a padà, ó ní kò ṣiṣẹ́." Dougie náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un tà.

Ní ọdún kejì tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, nǹkan kan wọ Lyndon lára. Kò mọ ọjọ́ tó wọlé. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí àpò ìdọ̀họ lẹ́nu rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó jẹ páì ẹran kan tán kó tó mọ̀ pé òun ti jẹ bébà rẹ̀ mọ́ ọn. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbada ìwẹ̀ láàárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, wákàtí kan á kọjá, kò ní lè pinnu ohun tó kàn. Oorun sá lọ bí ẹni jẹ gbèsè. Lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń ta ọgbà kọkànlélógójì lọ́jà, omijé bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì dá. Àwọn olùrà rò pé ẹ̀tàn tuntun ni. Wọ́n ní tí Lyndon bá lè sunkún nítorí àgùntàn wọ̀nyí, wọn ò ní ṣàìdáa. Àgùntàn ọgbà náà ló wọ́n jù lọ́dún yẹn, onítọ̀hún sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sunkún lóṣù tó ń bọ̀ náà.

Èyí tó burú jù kò hàn lójú. Èrò kan ni. Kì í pariwo. Ńṣe ló ń wọlé bí aládùúgbò tó wá yá iyọ̀, tí á jókòó, tí kò ní lọ mọ́: pé ilé yóò fúyẹ́ tí òun kò bá sí nínú rẹ̀, pé Glenys yóò sinmi. Lyndon kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Kò sí ẹni tí kò tíì tà rí nínú ìlú.

Glenys, ìyàwó rẹ̀, ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Obìnrin tó bá ti fi ogún ọdún gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn ọrùn a máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ dáadáa. Ó wo ọkọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó gbé ife tíì kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, "Lyndon, gbọ́. O máa lọ rí Dókítà, àbí kí n dì ọ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ àgùntàn, kí n wà ọ́ gba àárín ìlú kọjá. Èwo lo fẹ́?"

Ó gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó sì dá májẹ̀mú kan pẹ̀lú ara rẹ̀ tí kò sọ fún Glenys, ṣùgbọ́n tí Glenys kà lójú rẹ̀: òun yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí kò bá wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, òun kò ní ṣí ẹnu lé e lórí mọ́ láéláé.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Raelene ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ohun tí Raelene bá sì gbọ́ láago mẹ́wàá, ẹja inú òkun Albany ti gbọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó béèrè lọ́wọ́ Glenys pé kí ló ń ṣe Lyndon. Glenys ní orúnkún ni. Raelene ní èwo. Glenys yíjú sí ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ yíjú sí ògiri, Glenys ní ti òsì. Bí orúnkún tó le bí òpó ṣe di aláìsàn nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, Glenys jókòó tì í nídìí tábìlì kó lè kọ́ ohun tí yóò sọ. Ó ní kó kàn wí pé, "Dókítà, ọkàn mi kò dáa, ẹ̀rù ara mi ń bà mí." Ẹnu tó ta ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àgùntàn lórí èémí kan ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, bí ti ẹja tí wọ́n jù sórí iyanrìn. Lọ́jọ́ karùn-ún ni ọ̀rọ̀ kan já bọ́. Ó ní, "Glen, mo rí lásán díẹ̀." Glenys di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ó sunkún, ó dì mọ́ ọn, ó ní ó tó, ó ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Dókítà wo ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní dìde? Ọmọ Borradin ni àwọn méjèèjì. Wọn kò rántí pé ọmọ Sri Lanka ni Dókítà.

Ìlú náà ti fi ọdún kan àti ààbọ̀ gbìyànjú láti pe Senanayake, orúkọ rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ṣẹ́ ẹ kù sí Sena. Obìnrin kékeré ni, ó fara balẹ̀, ó sì ní ìwé kan tó ń kọ èdè ìlú sí. Ó ti dé orí "kò burú", èyí tó lè túmọ̀ sí ayọ̀, sí ikú, tàbí sí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Kò tíì dé orí "lásán".

Nígbà tí ọjọ́ pé, Dókítà gbé orúnkún náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó ká a, ó nà án. Ó ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Lyndon ń tiro nígbà tó ń lọ, ó gbàgbé láti tiro nígbà tó ń bọ̀. Dókítà wo ìwé rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè oúnjẹ. Lyndon ń dáhùn. Níkẹyìn Dókítà béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀dá yìí.

Àyè rè é. Lyndon di àga mú. Ó wo àwòrán kíndìnrín tó wà lára ògiri, ó sì bá kíndìnrín náà sọ̀rọ̀.

"Ní ti ọkàn," ló wí, "mo rí lásán díẹ̀."

Ó dúró de òrùlé kó wó. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun," ni Dókítà wí. "Ó dùn mọ́ mi. Nínú ọdún bíi èyí, kí èèyàn ṣì wà lásán, oore ńlá ni."

Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: lásán, kò sí ìṣòro. Ó fún un ní ìwé kó lọ ya fọ́tò orúnkún ní ìlú tó jìnnà tó igba kìlómítà, ó ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Kí ni Lyndon ṣe? Ó dúpẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbé ọmọ Borradin ju sínú kànga, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a ṣí ìdérí rẹ̀. Ó dìde, ó gba ìwé, inú rẹ̀ sì dákẹ́ lọ́nà kan tí kò tíì dákẹ́ rí. Ó ti sọ ọ́. Obìnrin tó kàwé fún ọdún mẹ́tàdínlógún ti gbọ́ ọ, ó sì ti kí i kú oríire. Ó ti parí.

Èèyàn mẹ́fà ló jókòó níta tí wọ́n ń dúró de Dókítà. Dougie wà nínú wọn, géètì ti há àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ti wú bí igbá. Dókítà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé Lyndon jáde láti gbé ìwé fún Raelene, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ti gbọ́ èdè ìlú tó láti fi dá àpárá. Ó ní, "Raelene, fọ́tò orúnkún ni fún ọ̀gbẹ́ni Pascoe. Ìyókù rẹ̀, lásán díẹ̀ ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Gègé Raelene dúró.

"Lyndon," ló wí, "ta ló rí lásán?"

"Orúnkún."

"Ti orúnkún kọ́ lo sọ. Dókítà ní ìyókù. Mo jókòó tì ọ́ ní kíláàsì kìíní, mo mọ ìgbà tó o bá ń purọ́, imú rẹ á pọ́n. Ṣé o sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?"

Lyndon wo ilẹ̀kùn. "Mo lè ti sọ nǹkan tó jọ ọ́."

Ohùn Raelene kò ní ìsàlẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó fún un ní òkè nìkan. "Dókítà, ẹ dá ọkùnrin yìí padà kó tó débi ọkọ̀ rẹ̀. Lásán tiyín kọ́ ló ń sọ, lásán tiwa ni. Clarrie Tunney sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a jẹ sáńdíwíìṣì níbi òkú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń sọ fún yín pé òun ń kú lọ, ẹ̀yin wá ń fún un ní ìwé orúnkún."

Àwọ̀ ojú Dókítà yí padà. Ó padà síbi ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wo Lyndon. Àṣírí tí Glenys fi orúnkún bò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí bí àgùntàn tí wọ́n ti rẹ́ irun rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Dougie Wansbrough ti dìde. Ó fara balẹ̀ gun orí àga tó jókòó lé. Ó ti fìlà sẹ́yìn orí.

"Ẹ̀yin èèyàn Borradin," ló wí, "ọgbà kìíní rè é, òun náà sì ni ìkẹyìn. Àgbò kan ni, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Eyín rẹ̀ ku mẹ́rin, àwọn oníṣègùn eyín ló ni mẹ́ta níbẹ̀. Irun ara rẹ̀ kò tó hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹ má wo orúnkún, orúnkún le. Orí ló ti jẹrà. Ta ló máa kọ́kọ́ dá owó lé e?"

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn wọn.

"Mo ń gba ohunkóhun. Mo ń gba ìgò bíà. Ó dáa, mo ń gba ìgò tí bíà ti tán nínú ẹ̀. Ìyáàfin, ẹ ò fẹ́? Ó lè bá yín lé ẹyẹ nínú ọgbà, ẹ ṣáà gbé e dúró."

Ìyá àgbà tó ń fa afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà rẹ́rìn-ín títí rọ́bà fi yọ nímú rẹ̀. Ó tì í padà, ó tún rẹ́rìn-ín, ó tún yọ. Ògiri rẹ́rìn-ín. Àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó wà lára ògiri rẹ́rìn-ín. Lyndon dúró láàárín wọn, ó mọ gbogbo ìlà eré náà, òun ló ṣe é. Ó ti wo ojú ọ̀pọ̀ èèyàn láti orí àga, kò tíì wo orí àga láti ìsàlẹ̀ rí. Ibẹ̀ ga.

Ó ka ìṣísẹ̀. Márùn-ún ni sí ojú títì, méje ni sí yàrá Dókítà. Tó bá gba ojú títì, á wọ ọkọ̀ rẹ̀, á délé, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní gba ẹnu rẹ̀ kọjá mọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Tó bá gba yàrá, ó ti gbà níṣojú ẹni mẹ́fà àti Raelene pé òótọ́ ni. Kò sí iṣan kan lára rẹ̀ tó fẹ́ méje yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yí sí ojú títì.

"Mo pè é lẹ́ẹ̀kan," ni Dougie ń wí. "Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì."

Dókítà kò mọ̀ pé eré ni. Ó rò pé àtàǹpàkò ọkùnrin orí àga ti kó májèlé lọ sí ọpọlọ rẹ̀, òun yóò dé ọ̀dọ̀ ìyẹn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Dókítà kò kúrò lára Lyndon. Ó na ọwọ́ sókè tán pátápátá, bí ọmọ ilé ìwé, kí Lyndon lè rí i láti ẹ̀yìn gbogbo orí wọ̀nyẹn.

"Ọ̀gbẹ́ni Pascoe," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

Dougie rí ọwọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ti ta òun, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gòkè rí. Kò tíì sẹ́ni tó ra èèyàn rí ní Borradin látìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Dougie wo Dókítà, ó wo Lyndon, ó sì gbàgbé ìrora, ó fi ọwọ́ tó wú náà lu ẹ̀yìn àga.

"Ó ti tà," ló wí. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀ nítorí àtàǹpàkò náà. "Dókítà ló rà á. Lyndon, o gbọ́ òfin. Lọ."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lyndon fi lu ọ̀pá lé orí nǹkan, kò tíì jẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́rí padà. Ó rin ìṣísẹ̀ méje.

Dókítà ti ilẹ̀kùn. Ó mú ìwé orúnkún kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní kó sọ ọ́ fún òun bí ẹni pé òun kò mọ nǹkan kan, torí pé òun kò mọ̀. Ó mú ìwé kan jáde tó ní ìbéèrè mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ dá lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá: ẹ̀ẹ̀melòó ló rẹ̀ yín láìnídìí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rò pé kò sí ìrètí. Lyndon dáhùn mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Díẹ̀. Díẹ̀. Díẹ̀.

Dókítà gbé gègé sílẹ̀. "Díẹ̀ ti Borradin yìí, ọ̀gbẹ́ni Pascoe. Ọjọ́ mélòó ni láàárín ọ̀sẹ̀?"

Lyndon ronú. Ó ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń pa owó ilẹ̀ òkèèrè dà.

"Méje," ló wí.

Dókítà padà sí òkè ìwé, ó sì pa gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rẹ́, ó tún wọn kọ. Lẹ́yìn náà, ó wo ojú rẹ̀, ó béèrè láìyí ọ̀rọ̀ po bóyá ó máa ń rò ó pé kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹnu tó yá jù ní gbogbo ilẹ̀ àlìkámà náà pẹ́ kó tó ṣí, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ tí Raelene gbé kalẹ̀ lóde fi tutù, tó fi jẹ́ pé ọdún kan fẹ́ẹ̀ ré kọjá lójú Dókítà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lyndon wí. "Ó máa ń dà bí ẹni pé ilé máa fúyẹ́."

Òrùlé kò wó. Dókítà kò pariwo, kò mí kanlẹ̀. Ó ní àìsàn ni, pé ó ní orúkọ, pé òun ti rí i lára àwọn tó lágbára jù ú lọ, tí ara wọn sì ti yá. Ó sọ̀rọ̀ oògùn kan tí yóò gbẹ ẹnu rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó mọ̀ nípa ọkàn tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó pe Glenys níwájú rẹ̀. Ó sì béèrè bóyá ìbọn wà nílé.

Ìbọn wà ní gbogbo oko, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Dókítà ní kí kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ kúrò nílé lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ìbọn náà sì tẹ̀ lé e, kó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ tí kì í ṣe ará ilé. Ta ni? Lyndon ka ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ti tà nítorí ẹ̀yìn, ẹni tó ti tà nítorí ọmọ tó kú sílé ìwòsàn, ẹni tó ti tà nítorí pé ó ń bẹ̀rù mànàmáná. Orúkọ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Dougie," ló wí.

Dougie ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé, ọwọ́ kan lórí ìdarí, èkejì nínú báńdéèjì tó tóbi bí orí ọmọ. Ogójì kìlómítà ni ọ̀nà náà.

"Mo ti ń dúró láti ọdún mẹ́sàn-án kí n lè tà ọ́," ni Dougie wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀."

"Ó dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ, àwé. Ó dùn mọ́ mi dé eegun."

"O ta mí dáadáa. Ti ìgò òfìfo yẹn, ó dáa."

Dougie wakọ̀ kọjá ibùdó omi kan tó ti gbẹ. "Lọ́jọ́ tó o gun àga yẹn nígbà tí Sharlene lọ, mo délé, mo sì dà bíi tìẹ. Fún bí oṣù mẹ́rin."

"Mi ò mọ̀."

"O ò béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà bá wọn jókòó nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Dougie kò tíì gbà á padà, Lyndon kò tíì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Glenys ti dé, bọ́ọ̀sì ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọmọ méjì tí kò rí àyè já sílé wọn ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì. Dougie kó ìbọn sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó tì í pa. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ tó sàn. Lyndon yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú òrùka, ó fi lé e lọ́wọ́. Dougie sọ ọ́ sápò.

"Tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá dé, pè mí," ló wí. "Èmi ni màá wá yìnbọn lù ú. Kò sí ohun tó máa yí padà, ṣebí o ò ba nǹkan kan rí látọjọ́ tó o ti ń yìnbọn."

"Ìwọ ńkọ́, tó jẹ́ pé àgbá omi ara rẹ lo yìnbọn lù?"

"Àgbá yẹn ló kọ́kọ́ fìjà lọ̀ mí," ni Dougie wí, ó sì wọ ọkọ̀.

Lyndon ń lọ rí Dókítà títí dòní. Oògùn náà gbẹ ẹnu rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wí, gbàǹjo rẹ̀ sì fà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgùntàn kan fi bímọ kó tó tà wọ́n tán. Ìlú kò ṣàánú rẹ̀. Lásán ni wọ́n ń pè é, àtàgbà àtọmọdé, Raelene sì ti kọ ọ́ sórí fáìlì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan dára, ọjọ́ kejì kò dára, á sì sọ fún Glenys èwo ni lónìí, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ti ibòmíràn wá lè gbọ́.

Dougie ń wá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á dé, Lyndon á pè é, Dougie á wakọ̀ wá pẹ̀lú ìbọn, wọ́n á jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú tíì, wọ́n á máa bú ara wọn, Dougie á yìnbọn sí i, á tàsé lẹ́ẹ̀mẹta. Adìyẹ méjìlá ni Glenys ní nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ti ku mẹ́ta. Ìyàwó aládùúgbò kan bi í pé kí ló dé tí kò gba kọ́kọ́rọ́ náà padà kí ẹni tó mọ ìbọn yìn wá pa ẹranko yìí. Glenys gbọn ìyẹ́ kúrò lára bàtà rẹ̀, ó ní kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà máa jẹ wọ́n lọ.